Ìrun Mélòó Lẹ Kí Lọ́nà?

Kàfáyà, gbé fóònù yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ̀yin yòókù, ẹ sún wọ abẹ́ igi dáadáa, kí oòrùn má baà lé yín dìde kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Kàfáyà ní fóònù òun sọ pé láti pápá bàálù Ìlọrin níbí dé ti Àbújá, kò tó wákàtí kan. Ó ní ìgbéyàwó tí wọ́n pè wá sí lọ́hùn-ún kò jìnnà rárá, pé a lè jẹun àárọ̀ nílé ká sì lọ jẹ tọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Mo gbọ́. Mi ò bá fóònù jà. Ohun tí mo kàn fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Ó tún ní ìwọ̀n méjì ló wà níbẹ̀, pé ti mọ́tò gùn ju ti ojú ọ̀run lọ dáadáa. Báwo ni ìlú méjì tí kò kúrò lójú kan ṣe máa jìnnà síra wọn lọ́nà méjì? Bí ẹni tó ń ta aṣọ bá mú ọ̀pá ìwọ̀n méjì jáde fún aṣọ kan ṣoṣo, ńṣe ni mo máa ń kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ìlú tí ẹ ń lọ yẹn gan-an, ẹ ṣọ́ ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibòmíràn ló ń jẹ́ Àbújá. Sùléjà tí ẹ mọ̀ lónìí, òun ni Àbújá nígbà náà. Àwọn ìjọba mú orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ìlú tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún onílé ní orúkọ tuntun. Ibi tí wọ́n ti lè gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú, ṣé máìlì ni wọn ò ní lè dín kù?

Ìrun làwa fi ń wọn ọ̀nà nígbà tiwa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí ẹ bá bi bàbá mi pé báwo ni Jẹ́bà ṣe jìnnà tó, wọ́n á ní, ìrun kan. Ìyẹn ni pé bí o bá kí Àsùbáà nílé kí o tó wọ mọ́tò, Àìlà, ìrun ọ̀sán, ló máa bá ọ létí odò Ọya. Mọ́kwà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bídà tún jù ú lọ, torí ilẹ̀ máa ń ṣú, ó sì máa ń mọ́, kí mọ́tò ìgbà yẹn tó débẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dé sí agbo ilé wa ní Pàkátà láti ọ̀nà jíjìn, kí ìyá wa tó bu omi fún un, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, "Ìrun mélòó lẹ kí lọ́nà?" Bó bá ti dá wọn lóhùn, gbogbo wa á ti mọ ibi tó ti wá, a ó mọ̀ bóyá mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́, a ó sì mọ̀ bóyá ó yà síbi tí kò fẹ́ kéèyàn gbọ́. Aládùúgbò wa kan wà tí ìyàwó rẹ̀ fi ìrun mú. Ó ní Bídà lòun ti ń bọ̀ tààrà. Ìyàwó ka ìrun náà, ó rí i pé ó lé, ó sì ní kí ó sọ ilé tó ti kí èyí tó lé yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn máa fura, kódà sí ẹni tó ń kírun.

Ẹ̀yin náà ṣe ilé kéwú, ẹ mọ̀ pé arìnrìn-àjò lè gé ìrun oníràkáà mẹ́rin sí méjì. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi tó ń lọ, tó sì ti pinnu pé òun máa pẹ́ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa kí i pé bí onílé. Ìyá wa kì í bi àlejò pé ọjọ́ wo lo máa lọ. Ìwà àìmọ̀wàáhù ni lójú wọn. Wọ́n á kàn gbé ìrẹsì sórí atẹ, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú rẹ̀, wọ́n á sì máa wo àlejò bó ṣe ń kí Àlààsárì ìrọ̀lẹ́. Bó bá parí rẹ̀ sí ràkáà méjì, wọ́n á dìde lọ rẹ ẹ̀wà sómi, àkàrà tó máa gbé dání lọ sọ́nà nìyẹn. Bó bá dìde sí ẹ̀kẹta, wọ́n á pe ọ̀kan nínú wa pé, "Tẹ́ ẹní fún un." Mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣì í.

Mọ́tò akẹ́rù ìgbà náà, pákó ni ara rẹ̀, àárín ẹrù là ń jókòó sí. Kálukú ló ń gbé bútà àlùwàlá rẹ̀ dání, a ó fi okùn so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò níta. Gbogbo bútà wọ̀nyẹn á máa kọlu ara wọn títí dé ibi tí à ń lọ, débi pé bí mọ́tò bá dúró, etí á ṣì máa ró fúnra rẹ̀. Ariwo yẹn ni àwọn ará abúlé fi ń mọ̀ pé mọ́tò Ìlọrin ló ń bọ̀. Bí àsìkò bá tó, ọmọ mọ́tò á fi ọwọ́ gbá pákó, dẹ́rẹ́bà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, gbogbo wa á bọ́ sílẹ̀. Bí omi bá tán, bàbá mi ní òkúta pẹlẹbẹ kan nínú àpò, òun ni wọ́n fi ń ṣe tàyámọ́mù. Ẹ fi òkúta yẹn sọ́kàn.

Bàbá mi ń hun òfì, wọ́n sì máa ń kó o lọ tà ní Bídà. Nígbà tí èmi àti Sàfú, àbúrò mi obìnrin, gbọ́njú díẹ̀, wọ́n mú wa dání lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yàkúbù wà nínú mọ́tò náà, aláṣọ bíi bàbá mi ni. Nígbà tí a dúró kí Àlààsárì ní Mọ́kwà, Yàkúbù gbàgbé pé òun wà lójú ọ̀nà. Gbogbo èèyàn kí méjì, wọ́n ti ń gun mọ́tò, òun dìde sí ẹ̀kẹta. Ọmọ mọ́tò wò ó, ó ní, ẹni yìí ń sọ̀kalẹ̀ níbí nìyẹn. Ó gun òkè, ó tú ẹrù òfì Yàkúbù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sílẹ̀ ní dìdì-dìdì. Yàkúbù ń wò ó, kò sì lè sọ̀rọ̀, torí ó wà lórí ìrun. Kí ló ṣe? Àlààsárì tí à ń kí sínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i sókè. Bí dìdì kan bá ti balẹ̀, á gbé Áláhù Àkíbárù sókè ju ti ìṣáájú lọ. Kò yé ọmọ mọ́tò. Ó rò pé olùfọkànsìn ni, ó sì rọra ń to ẹrù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó má baà dí i lọ́wọ́. Sàfú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín kan ló ní, bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, kì í tètè tán.

Sàfú yìí ni wọ́n wá fún lọ́kọ sí Àbújá àtijọ́. Ọjọ́ tí mọ́tò gbé e lọ, ìyá wa ò sunkún lójú rẹ̀. Wọ́n kàn ń ka ìrun lórí ọmọ-ìka wọn, nígbà tí ọwọ́ kan kún, tí wọ́n bọ́ sórí èkejì, ni ẹkún dé. Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ agbo ilé á lọ jókòó sójú títì láti máa gbọ́ ariwo bútà. Ó máa ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tó rà ní Jẹ́bà, eruku á ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló gba ìbéèrè náà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, ó ń bi mí pé ìrun mélòó. Nígbà tí àwọn ọmọ ń sọ fún wa pé ká máa wọ bàálù, mo sọ fún un pé ohun tí kò bá lè dúró kí n kírun, mi ò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Ó mọ̀ pé mi ò fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáyà kí n tó tẹ̀síwájú. Ẹ ò bá a. Wáyà ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti ìlú jíjìn, Post Office la ti ń lọ gbà á. A kì í fi wáyà túfọ̀. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ kò ju pé ara kò yá, wá kíákíá. Ẹni tó bá ti gbọ́ "wá kíákíá" ti mọ̀ nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́, a ò sì ní sọ ọ́ fún un. A ó wá ẹnìkan tó mọ òótọ́ kí ó bá a lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú sí Bídà, èmi náà bá bàbá mi lọ, ọ̀rẹ́ wọn kan sì ni wọ́n fi tì wá. Ní Jẹ́bà, lẹ́yìn ìrun, ọ̀rẹ́ náà ní àìsàn ọ̀hún le díẹ̀. Ní Mọ́kwà, ó ní ó ti kọjá ohun tí oògùn ń ká. Níbi tí a ti kírun gbẹ̀yìn kí a tó wọ Bídà, ó kàn di bàbá mi lọ́wọ́ mú, bàbá mi sì bú sẹ́kún. Nígbà tí a fi máa dé ilé òkú, wọ́n ti nu ojú wọn, wọ́n ti lè kí opó, wọ́n ti lè gbàdúà. Ọ̀nà ló bá wọn tú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló burú níbẹ̀. A kì í bá òkú. Ẹ̀sìn wa kì í fi òkú sílẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti sin ín kí mọ́tò wa tó kúrò ní Ìlọrin. Nínú gbogbo èèyàn mi tó kú sọ́nà òkè lọ́hùn-ún, kò sí ọ̀kan tí mo débẹ̀ kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ó wá di ẹ̀yìn àwẹ̀ tó kọjá yìí. Sùlé ọmọ mi, bàbá Kàfáyà, wá láti ilé rẹ̀ ní àdúgbò Fate lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ tó máa ń wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní Sàfú fẹ́ fojú kàn mí. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ara tó ń dàgbà ni. Mo ní bí kò bá ṣe nǹkan kan, ká dúró di Iléyá. Ó ní rárá, ọ̀la ni. Ó ní òun ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún èmi àti òun, torí ọ̀nà ò dáa mọ́, àwọn ajínigbé wà lójú títì. Sùlé o. Sùlé tó jẹ́ pé bí mo bá ní kó gbé mi dé Ọ̀fà Garage, á kọ́kọ́ yọjú wo ìwọ̀n epo. Mo wò ó títí. Mo ní nínú ara mi pé wáyà lèyí, wọn ò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Mi ò bi í léèrè mọ́, mo kàn ń ṣọ́ ọ. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, á lọ dá a lóhùn lẹ́yìn ògiri. Ìyàwó rẹ̀ lọ agbádá fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, funfun ló sì yàn. Ó fi ẹran tó pọ̀ jù sínú ọbẹ̀ mi. Ta ló ń fún arúgbó lẹ́ran tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́ fún un? Mo lọ bá Áfáà wa ní mọ́sálásí, mo bi wọ́n pé ẹni tó bá wọ bàálù, ṣé arìnrìn-àjò ni. Wọ́n ní arìnrìn-àjò ni, pé jíjìn ọ̀nà ni à ń wò, kì í ṣe àárẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á tán. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi gbà láti wọ̀ ọ́ ni pé, bó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, mo lè débẹ̀ bá wọn gbé e.

Àárọ̀ ni wọ́n ní ká wá. A jókòó sí pápá bàálù títí Àìlà fi tó, mo kí i níbẹ̀, a tún pa dà jókòó. Fóònù Kàfáyà ò ka ìyẹn mọ́ wákàtí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wá wò, wọ́n ní ká kó ohun tó wà nínú àpò sórí atẹ. Mo yọ tẹ̀sùbáà mi, mo yọ òkúta bàbá mi. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan mú òkúta náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kí lẹ fẹ́ fi òkúta ṣe nínú bàálù?"

Mo ní àlùwàlá ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó wo òkúta, ó wò mí. Ó ṣe kedere pé kò rí ẹni tó fi òkúta wẹ ojú rí. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni ìyẹn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ṣàlàyé tàyámọ́mù fún un, ó sì bi mí pé ṣé bí omi bá tán lójú ọ̀run ni mo mú un dání fún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dá a padà fún mi. Sùlé ń tijú, èmi ò tijú. Ọmọbìnrin yẹn tiẹ̀ wù mí. Òun nìkan ló ń fura pẹ̀lú mi lọ́jọ́ náà.

Bàálù gbéra. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí, mo sì di apá àga mú. Nígbà tó dúró déédéé lókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Sùlé. Mo ń retí ibi tí á ti sọ ọ́. Mo ní bóyá bí a bá dé Jẹ́bà, á ní àìsàn náà le díẹ̀. Mo wo ìta, ìkùukùu funfun nìkan ló wà níbẹ̀ bí òwú tí wọn ò tíì ran. Mo bi í pé ìgbà wo la máa dé Jẹ́bà. Ó ní a ti kọjá Jẹ́bà. Mo ní ta ló rí i? Mi ò gbọ́ ìró afárá, mi ò rí omi, ẹnì kan ò ṣe àsàlátù, ẹnì kan ò ra ẹja. Bí wọ́n bá ní àwọn ti gbé èèyàn kọjá odò Ọya, ó yẹ kí odò náà mọ̀ sí i. Mò ń dúró de Mọ́kwà. Kò sí Mọ́kwà. Kò sí Bídà. Kò síbi kankan tí ọmọ ti lè rí àyè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Àárín ìgbà tí wọ́n fún wa ní mínírà mímu àti ìgbà tí wọ́n gba agolo rẹ̀ padà, wọ́n ní a ti dé. Wọ́n ò tíì pe Àlààsárì. Ìrun kankan ò bá wa lọ́nà.

Ràmátù, ọmọ Sàfú, ló wá pàdé wa. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bàbá, wọ́n wà o. Wọ́n wà láàyè." Mi ò gbà á gbọ́, torí mi ò tíì béèrè. Inú mọ́tò tó ń gbé wa lọ sí Sùléjà ló ti wá sọ ọ́. Wọ́n ti gbé Sàfú dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kó wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé àwẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́, pé ara rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Ràmátù wá bẹ̀ mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bàálù lẹ wọ̀. Ẹ ní mọ́tò ni, ẹ ní àná lẹ ti kúrò nílé, Bídà lẹ sùn. Bí wọ́n bá gbọ́ bàálù, wọ́n á mọ̀ pé ó ti parí."

Inú bí mi gan-an. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni mo ti ń ṣọ́ ẹni tó ń parọ́ fún mi, àṣé èmi ni wọ́n ń gbé lọ parọ́ fún ọmọ ìyá mi. Mo kọjú sí fèrèsé mọ́tò. Ó rò pé mo ti gbà.

Sàfú wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti rù. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, ó sì mọ̀ mí, inú mi dùn. Ó kí mi kú ìrìn. Ó wo ojú mi, kò rí eruku. Ó wo agbádá mi, ojú ibi tí wọ́n lọ̀ ọ́ ṣì hàn. Mo rí i bó ṣe ń wò mí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ìyá wa bí ìfura mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrun mélòó lẹ kí lọ́nà?"

Ràmátù wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo mọ iye tó yẹ kí n dá, bí ẹ bá jí mi lójú oorun mo lè ka ìrun ọ̀nà yẹn fún yín láti Jẹ́bà dé Lápáì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá wa ni. Mi ò parọ́ fún ìbéèrè yẹn rí, ẹnu mi ò sì gbà á.

Mo ní, "Ìrun kankan ò bá wa lọ́nà, Sàfú."

Ó ní, "Bàálù." Mo ní bàálù ni.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀," ló wí. Kì í ṣe ìbéèrè. Ràmátù jáde síta, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sàfú na ọwọ́ sí mi, mo dì í mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bi mí pé Jẹ́bà ńkọ́, ṣé omi kún. Mo ní wọ́n ní a ti kọjá rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín nìyẹn, ẹ̀rín ọjọ́ Yàkúbù yẹn gan-an, ó kàn ti kéré ni.

Ládàánì pe Àlààsárì. Sùlé lọ sí mọ́sálásí. Omi ò dáa fún ara Sàfú mọ́, ó ní kí n pe Ràmátù kó bu yanrìn wá. Mo yọ òkúta nínú àpò, mo fi í sí i lọ́wọ́. Kò wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n látọwọ́. Ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́, ó sì kírun tirẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ràmátù tẹ́ awọ àgbò sílẹ̀ fún èmi náà.

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ọ̀túnla ni Sùlé gba tíkẹ́ẹ̀tì tí a máa fi padà sí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, arìnrìn-àjò ni mí, méjì ló kàn mí. Sàfú mọ̀. Ó ti yí orí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ń ṣọ́ mi bí ìyá wa ṣe máa ń ṣọ́ àlejò láti ẹ̀yìn atẹ ìrẹsì. Mo kí ràkáà kìíní, mo kí ìkejì, mo jókòó. Mi ò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́, bí ẹni pé ó dá a dúró. Mo dìde sí ẹ̀kẹta.

"Ràmátù," mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, "tẹ́ ẹní fún ẹ̀gbọ́n mi."

Orí ìrun ni mo wà, mi ò lè dá a lóhùn. Mi ò sì gbé ohùn sókè bíi Yàkúbù. Omijé ló kàn ń já bọ́ sórí awọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì Sùlé gbé. Mo dúró, mẹ́rin mẹ́rin ni mo sì ń kí ìrun mi nínú yàrá yẹn títí di àárọ̀ tí Sàfú lọ. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Ràmátù di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èmi wà níbi orí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èjìká mi wà lábẹ́ pósí tí wọ́n fi gbé e lọ. Bàálù ló ṣe ìyẹn fún mi, Kàfáyà, mi ò ní jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Fóònù rẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó láti lọ. Kò mọ tàbọ̀.

Sùlé fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo ní mọ́tò ni mo máa wọ̀ padà. Ó ní ọ̀nà ò dáa, mo ní mo mọ̀. A kúrò lẹ́yìn Àsùbáà, a kí Àìlà lẹ́yìn Bídà. Nígbà tí a dórí afárá Jẹ́bà, mo ní kí wọ́n ṣí gíláàsì kí n gbọ́ ìró rẹ̀. A dúró lódìkejì odò kí Àlààsárì. Mo jókòó ní ràkáà kejì, mo sì parí ìrun mi síbẹ̀. Méjì. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti fi Sàfú sílẹ̀ sọ́hùn-ún.